Bí Ẹ Ṣe Lè Kọ́ Àwọn Promotora Tí Yóò Dúró Ti Àwọn Obìnrin Tó Ń Sọ Sípáníìṣì ní Texas

Ìbéèrè kan kì í tán lẹ́nu ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìlera ọmọ Yorùbá tó wà ní Houston, Dallas àti San Antonio: "Kíláníìkì wa fẹ́ gba àwọn promotora, èmi ni wọ́n sì ní kí n ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wọn. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?" Ìdáhùn rẹ̀ nìyí, ní títẹ̀lé-ǹ-tẹ̀lé.

Promotora ni àwọn ará Mẹ́síkò àti Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà ń pe obìnrin àdúgbò tó kọ́ nípa ìlera, tó wá ń lọ láti ojúlé dé ojúlé láti ran àwọn obìnrin bíi tirẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ètò ló máa ń ka iye obìnrin tí promotora bá sọ̀rọ̀, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé, ó parí nìyẹn. Èmi ò gbà pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ parí sí. Iṣẹ́ parí nígbà tí obìnrin náà bá dé ilé ìwòsàn, tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, tí èsì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, tí èsì náà sì yé e. Ibẹ̀ ni gbogbo ohun tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí ń lọ.

## Kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni

Bí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí bá kù, ẹ dúró ná:

- Ọ̀rọ̀ ìlera kan tàbí méjì ni ẹ mú. Jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ àti jẹjẹrẹ ọmú lè jẹ́ ọ̀kan. Oyún títí dé ọdún kan lẹ́yìn ìbímọ lè jẹ́ èkejì.
- Ilé ìwòsàn tó máa gba àwọn obìnrin náà ti wà nílẹ̀. Ẹ mọ ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí, iye tí wọ́n ń gbà, àti ẹni tó ń sọ Sípáníìṣì níbẹ̀. Ká dá ìbẹ̀rù jẹjẹrẹ sí obìnrin lára, kó wá má rí ibi tó máa ti ṣàyẹ̀wò, ìwà ìkà ni.
- Nọ́ọ̀sì kan wà tí promotora lè pè lórí fóònù nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ju agbára rẹ̀ lọ.
- Owó iṣẹ́ wọn ti wà nínú ètò ìnáwó, títí kan owó epo ọkọ̀ àti owó àwọn wákàtí tí wọ́n máa fi kẹ́kọ̀ọ́. Obìnrin tó fẹ́ràn àdúgbò rẹ̀ ní owó ilé láti san bíi ti gbogbo wa.

## Yíyan àwọn tí ẹ máa kọ́

Ẹ má fi ìkánjú ṣe èyí. Ẹ̀kọ́ lè ṣàtúnṣe àìmọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀kọ́ tó lè fún ẹni tí àdúgbò ò fọkàn tán ní ìfọkàntán.

1. Ẹ lọ síbi tí àwọn obìnrin wà: ilé ìfọṣọ, ẹnu géètì ilé ìwé nígbà tí wọ́n ń wá mú ọmọ, ọjà pulga lópin ọ̀sẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì tí wọ́n ti ń ṣe Mísà ní Sípáníìṣì. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ẹ bi wọ́n: "Bí ara ọmọ yín ò bá yá lóru, ta lẹ máa kọ́kọ́ pè?" Orúkọ tó bá ń jáde léraléra, ẹni náà ni kí ẹ wá lọ.

2. Ẹ jókòó bá a sọ̀rọ̀ láìfi ṣe ìdánwò. Ohun tí ẹ ń wá ni bóyá ó mọ̀ ọ́n gbọ́ ju bó ṣe mọ̀ ọ́n sọ lọ, àti bóyá àṣírí lè dúró nínú rẹ̀. Ẹ bi í pé: "Aládùúgbò yín sọ fún yín pé òun lóyún, ọkọ rẹ̀ ò tíì mọ̀. Ọkọ náà wá ń bi yín léèrè. Kí lẹ máa ṣe?" Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ohun tó máa sọ.

3. Ẹ rí i pé ó lè ka Sípáníìṣì kó sì kọ ọ́. Ẹ má fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe gbèdéke.

4. Ẹ bèèrè èdè ìyá àwọn obìnrin tí ẹ fẹ́ ràn lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ tó wá láti Guatemala, Mam, K'iche' tàbí Q'anjob'al ni wọ́n ń sọ nílé. Àwọn kan láti Oaxaca ní Mẹ́síkò ń sọ Mixteco. Sípáníìṣì jẹ́ àkọ́kún èdè fún wọn bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe jẹ́ fún ìyá àgbà wa lábúlé. Bí irú wọn bá pọ̀ ládùúgbò, ẹ wá promotora kan tó gbọ́ èdè náà.

Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù ni kí kíláníìkì mú ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè jáde, tó mọ kọ̀ǹpútà dáadáa, nítorí pé fọ́ọ̀mù máa rọrùn fún un. Fọ́ọ̀mù á pé lóòótọ́. Àmọ́ ìyá ẹni ọdún 50 kì í sọ ọ̀rọ̀ abẹ́ aṣọ fún ọmọ tó lè bí.

## Ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí

Ní Texas, ẹ̀ka ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń rí sí ìlera, Department of State Health Services, ló ń fún àwọn promotora ní ìwé ẹ̀rí. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á gbọ́dọ̀ tó ọdún 18, kó sì parí ẹ̀kọ́ oníwákàtí 160 níbi tí ìjọba fọwọ́ sí. Ẹ̀kọ́ náà dá lórí ọgbọ́n iṣẹ́ mẹ́jọ, bíi bíbánisọ̀rọ̀, kíkọ́ni, àti síso ènìyàn pọ̀ mọ́ ibi ìtọ́jú. Ẹni tó ti ṣe irú iṣẹ́ yìí fún 1,000 wákàtí lè gba ọ̀nà ìrírí wọlé. Ìwé ẹ̀rí náà kì í ná wọn lówó. Ọdún méjì-méjì ni wọ́n ń tún un ṣe, pẹ̀lú ẹ̀kọ́ àfikún oníwákàtí 20.

Ẹ ṣọ́ra: kíláàsì tí ẹ bá dá sílẹ̀ nínú kíláníìkì yín kò lè rọ́pò wákàtí 160 náà àfi tí ìjọba bá ti fọwọ́ sí ibẹ̀. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ rán wọn lọ síbi tó ti ní àṣẹ, tó sì ń kọ́ni ní Sípáníìṣì, kí ẹ wá fi ẹ̀kọ́ ìlera obìnrin tiyín kún un. Bí ẹ bá wà ní ìpínlẹ̀ mìíràn, ẹ béèrè òfin ibẹ̀, torí kò dọ́gba.

## Ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀

### Ìgbésẹ̀ 1: Ààlà

Ẹ fi èyí ṣíwájú, kí ẹ tó mẹ́nu kan àìsàn kankan. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri:

- Promotora kì í sọ pé báyìí ni àìsàn ṣe jẹ́, kì í sì í sọ iye oògùn tí ènìyàn máa lò.
- Kì í ṣe ògbufọ̀ fún dókítà nínú yàrá àyẹ̀wò, àfi tó bá kọ́ iṣẹ́ ògbufọ̀ lọ́tọ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ ní kí ilé ìwòsàn tó ń gba owó ìjọba pèsè ògbufọ̀ tó kájú òṣùwọ̀n lọ́fẹ̀ẹ́. Wọn ò sì gbọdọ̀ lo ọmọ kékeré fún un àyàfi nínú pàjáwìrì.
- Kì í sọ ọ̀rọ̀ obìnrin kan fún ọkọ rẹ̀, ìyá ọkọ rẹ̀, tàbí pásítọ̀ rẹ̀.
- Ohun kan wà tí kò lè fi pa mọ́. Òfin Texas ní kí ẹnikẹ́ni tó bá fura pé wọ́n ń fìyà jẹ ọmọdé fi tó ìjọba létí. Kó ti sọ èyí fún obìnrin náà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, kó má baà dà bí ẹni pé ó dalẹ̀.

### Ìgbésẹ̀ 2: Ohun tó gbọ́dọ̀ wà lórí

Ẹ má kó ìwé nọ́ọ̀sì fún wọn. Ìwọ̀nba nọ́ńbà tó máa ń bọ́ sí ìlò lójoojúmọ́ ló yẹ kí wọ́n mọ̀ bí ẹni mowó:

- Àyẹ̀wò Pap, tí wọ́n fi ń wá àmì jẹjẹrẹ ní ẹnu ilé ọmọ: ọdún mẹ́ta-mẹ́ta, láti ọmọ ọdún 21 dé 29. Láti 30 dé 65, Pap lọ́dún mẹ́ta-mẹ́ta, tàbí àyẹ̀wò HPV, kòkòrò tó máa ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, lọ́dún márùn-ún-márùn-ún, tàbí méjèèjì pọ̀ lọ́dún márùn-ún-márùn-ún.
- Fọ́tò ọmú (mammogram): ọdún méjì-méjì, láti 40 dé 74.
- Abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV: ọmọ ọdún 11 tàbí 12, lọ́kùnrin lóbìnrin. Ó lè bẹ̀rẹ̀ láti 9. Ẹni tí kò gbà á lè gbà á títí dé 26.
- Folic acid, irú fítámì kan: 400 microgram lójúmọ́ fún obìnrin tó lè lóyún, kó tó lóyún rárá.
- Àyẹ̀wò ṣúgà nínú oyún: láàárín ọ̀sẹ̀ 24 sí 28.

Ohun tí mo kọ nípa Pap àti fọ́tò ọmú bá ìlànà ìgbìmọ̀ àwọn ògbógi ìjọba àpapọ̀ lórí àyẹ̀wò mu. American Cancer Society ní kí àyẹ̀wò ẹnu ilé ọmọ bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 25. Èyí tí kíláníìkì yín ń tẹ̀ lé ni kí ẹ fi kọ́ wọn, kí obìnrin má gbọ́ nǹkan méjì lẹ́nu ènìyàn méjì.

Nípa folic acid, ẹ gbé àpò ìyẹ̀fun àgbàdo masa tí wọ́n fi ń ṣe tortilla wá sí kíláàsì. Láti ọdún 2016 ni ìjọba ti fàyè gba kí wọ́n máa fi folic acid sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ilé iṣẹ́ kọ́ ló ń fi í. Ẹ kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa wá "ácido fólico" lẹ́yìn àpò. Èyí ṣe pàtàkì gan-an: lára ọmọ àwọn obìnrin Latina, tí ìran wọn wá láti Látìn Amẹ́ríkà, ni àbùkù ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ti wọ́pọ̀ jù ní Amẹ́ríkà.

Ẹ fi kún un pé láti 2024, obìnrin lè fúnra rẹ̀ fi òwú mú àyẹ̀wò HPV nínú kíláníìkì tó bá ní irú rẹ̀. Mo ti rí i pé gbólóhùn yìí nìkan máa ń mú kí obìnrin tó ti kọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún gbójú sókè.

### Ìgbésẹ̀ 3: Àmì ewu

Kí wọ́n lè ka èyí láìwo ìwé. Nínú oyún àti títí di ọdún kan lẹ́yìn ìbímọ: orí fífọ́ tí kò lọ, ojú tó ń ṣe bàìbàì, ọwọ́ tàbí ojú tó wú, ẹ̀jẹ̀ tó ń dà, ibà, àyà dídùn, èémí tó ń ṣòro, ọmọ tí kò yí nínú mọ́, èrò àtipa ara ẹni tàbí ọmọ.

Tí ó bá le, 911 ni. Gbólóhùn àkọ́kọ́ tí obìnrin náà máa sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ tọ́jú rẹ̀ ni pé: "Mo lóyún" tàbí "Mo bímọ láàárín ọdún kan yìí." Ẹ jẹ́ kí gbogbo kíláàsì sọ ọ́ sókè ní Sípáníìṣì àti Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló máa ń dé ọsibítù ní oṣù kẹta lẹ́yìn ìbímọ láìrántí pé orí fífọ́ náà lè tan mọ́ oyún tó ti lọ.

### Ìgbésẹ̀ 4: Ọ̀rọ̀ sísọ

Ìdajì àkókò yín ni kó lọ síbí. Ẹ pín wọn sí méjì-méjì, kí ọ̀kan ṣe promotora, kí èkejì ṣe obìnrin tí wọ́n wá bẹ̀ wò, kí àwọn tó kù máa wò. Lẹ́yìn náà kí wọ́n pààrọ̀ àyè.

a. Kó kí i tọkàntara, kó lo usted, ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ Sípáníìṣì tó dà bí "ẹ̀yin" wa, kó béèrè ọmọ àti ilé. Kó má ṣe gbé fọ́ọ̀mù jáde lẹ́nu ọ̀nà.

b. Kó béèrè ohun tí obìnrin náà ti mọ̀ kó tó sọ tirẹ̀.

d. Kó sọ ohun mẹ́ta péré, kó fi àwòrán hàn án.

e. Kó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó yé e. "Ṣé ó yé yín?" kì í ṣiṣẹ́, torí obìnrin náà máa dáhùn "sí" láti bọ̀wọ̀ fún un. Kó ní: "Bí àbúrò yín obìnrin bá bi yín lálẹ́ yìí, báwo lẹ ṣe máa ṣàlàyé rẹ̀ fún un?"

ẹ. Kí wọ́n jọ pe kíláníìkì kó tó dìde.

Àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ tó yẹ kí ẹ fi dán wọn wò: obìnrin tó ní "kò sí ibi tó ń dùn mí, kí ni mo fẹ́ lọ ṣe?", obìnrin tí ọkọ rẹ̀ jókòó tì í, tó ń bá a dáhùn, obìnrin tí kò fẹ́ kí dókítà ọkùnrin rí òun, obìnrin tí ẹ̀rù ń bà nítorí pé kò ní pépà. Ẹ tún èyí tó bá ṣòro ṣe títí ọ̀rọ̀ náà á fi máa jáde lẹ́nu wọn wọ́ọ́rọ́wọ́.

### Ìgbésẹ̀ 5: Àgbo àti àṣà ilé

Promotora gbọ́dọ̀ mọ èyí tó léwu àti èyí tí kò léwu, kó má fi ìkankan ṣe yẹ̀yẹ́. Tíì manzanilla (chamomile) kò ní wàhálà fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ruda, ewé tí wọ́n ń pè ní rue ní Gẹ̀ẹ́sì, léwu fún aláboyún. Greta àti azarcón, àwọn ìyẹ̀fun tí àwọn kan ń lò fún inú kíkún tí wọ́n ń pè ní empacho, òjé ló wà nínú wọn, májèlé ni fún ìyá àti ọmọ. Tí promotora bá rí i nílé, kó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, kó sì pe nọ́ọ̀sì kí wọ́n lè ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ gbogbo ilé.

Èyí tó gba ọgbọ́n jù ni cuarentena, ogójì ọjọ́ tí ìyá ọmọ tuntun fi ń sinmi nílé, tí wọ́n ń ṣe ọbẹ̀ fún un, tí kì í jáde sí atẹ́gùn. Ẹ̀yin náà mọ ogójì ọjọ́ ìyá ìkókó, ẹ mọ̀ pé ó ní oore púpọ̀ nínú. Kí promotora gbè é lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru nínú oyún gbọ́dọ̀ yẹ ìfúnpá rẹ̀ wò láàárín ọjọ́ mẹ́wàá àkọ́kọ́, ní àárín cuarentena gan-an. Tí ìfúnpá náà bá ti le gan-an, kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Ọ̀nà tó ń ṣiṣẹ́ ni kí promotora ti bá ìyá tàbí ìyá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ṣáájú ìbímọ, torí àwọn ni wọ́n ń ṣọ́ ilẹ̀kùn. Wọ́n lè fi gèlè àti aṣọ tó nípọn bò ó, kí wọ́n fi ọkọ̀ gbé e lọ, kí wọ́n gbé e padà. Bí ìyẹn ò bá ṣeé ṣe, ẹ fún un ní ẹ̀rọ ìfúnpá kó máa wọ̀n ọ́n nílé, kí nọ́ọ̀sì máa pè é.

### Ìgbésẹ̀ 6: Owó àti pépà

Ẹ fi ìwé kan ṣoṣo fún wọn, kó má ju ojú ewé kan lọ:

- Àwọn kíláníìkì àdúgbò tí ìjọba àpapọ̀ ń ràn lọ́wọ́ máa ń wo owó tó ń wọlé fún ènìyàn kí wọ́n tó dá iye lé e. Wọn ò gbọdọ̀ lé ẹni tí kò lówó.
- Ètò àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ọmú àti ẹnu ilé ọmọ wà fún obìnrin tí owó rẹ̀ kéré, tí kò ní adójútòfò. Breast and Cervical Cancer Services ni orúkọ tiẹ̀ ní Texas. Ẹ béèrè ṣáájú ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá rí jẹjẹrẹ, torí owó ìtọ́jú ní òfin tirẹ̀.
- CHIP Perinatal, ètò ìlera ìjọba kan, wà fún oyún obìnrin tí kò lè gba Medicaid (ètò ìlera ìjọba fún ẹni tí owó rẹ̀ kéré), bí kò tilẹ̀ ní pépà, tí owó rẹ̀ ò bá kọjá ààlà.
- Medicaid aláboyún ní Texas ti ń dé oṣù méjìlá lẹ́yìn ìbímọ láti oṣù kẹta ọdún 2024. Kí wọ́n má ṣì í mọ́ CHIP Perinatal, èyí tí àkókò tiẹ̀ kúrú.
- Òfin ọdún 1986 ní kí yàrá pàjáwìrì yẹ ẹnikẹ́ni wò, kí wọ́n sì mú ara rẹ̀ dúró, yálà ó lówó tàbí kò ní, yálà ó ní pépà tàbí kò ní.
- Láti oṣù kọkànlá ọdún 2024, àwọn ọsibítù tó ń gba owó Medicaid àti CHIP ní Texas ń béèrè bóyá aláìsàn jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà tàbí ó wà níbẹ̀ lọ́nà òfin. Aláìsàn lè kọ̀ láti dáhùn, ìdáhùn rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ yí ìtọ́jú rẹ̀ padà.

Promotora kì í ṣe lọ́yà. Kò gbọdọ̀ ṣèlérí pé kò ní sí ewu kankan. Ohun tó bá mọ̀ ni kó sọ, kó sì darí ìyókù sí ọ̀dọ̀ agbẹjọ́rò tó ń ran àwọn aṣíkiri lọ́wọ́.

### Ìgbésẹ̀ 7: Títẹ̀lé e dé òpin

Fún obìnrin kọ̀ọ̀kan, ìlà márùn-ún nínú ìwé: ọjọ́ tí wọ́n jọ sọ̀rọ̀, ọjọ́ àyẹ̀wò, ó lọ tàbí kò lọ, ọjọ́ tí èsì dé, ohun tó kàn. Kí promotora pè é lọ́jọ́ tó ṣáájú àyẹ̀wò, kó béèrè ọkọ̀ àti ẹni tó máa dúró ti ọmọ. Lẹ́yìn àyẹ̀wò, kó má fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló gbà pé bí wọn ò bá gbúròó kíláníìkì, a jẹ́ pé ara dá. Lẹ́tà lè ti lọ sí ilé tó ti kó kúrò.

Bí èsì Pap kò bá dára, kíláníìkì ló máa ṣàlàyé rẹ̀. Iṣẹ́ promotora ni kó jẹ́ kó yé e pé èsì tí kò dára kò túmọ̀ sí jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò kejì kò ṣeé fò. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń sọnù.

## Ìbànújẹ́ ọkàn àti ìwà ipá

Ìwé ìbéèrè mẹ́wàá ti Edinburgh lórí ìbànújẹ́ lẹ́yìn ìbímọ wà ní Sípáníìṣì. Tí kíláníìkì yín bá fún promotora láyè láti lò ó, ẹ kọ́ ọ pé ìbéèrè kẹwàá, tó jẹ mọ́ ìpalára ara ẹni, kì í dúró de ọ̀la. Kó má fi obìnrin náà sílẹ̀ lóun nìkan, kó pe nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀. Nọ́ńbà 988, ti ìrànlọ́wọ́ fún ẹni tó ń ro àtipa ara rẹ̀, ní Sípáníìṣì tí a bá tẹ 2. Fún aláboyún àti ìyá tuntun, 1-833-852-6262 wà lọ́sàn-án lóru, ó sì ní Sípáníìṣì.

Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ń lu obìnrin náà nílé, ìgbà tó bá dá wà nìkan ni kó bá a sọ ọ́. Kó má fi ìwé sílẹ̀, kó má fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù tí ọkọ lè yẹ̀ wò. 1-800-799-7233 ni nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ gbogbo orílẹ̀-èdè.

## Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

- Fífi Google Translate tú gbogbo ìwé ẹ̀kọ́, láìjẹ́ kí obìnrin àdúgbò kankan kà á kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.
- Ṣíṣe kíláàsì lọ́sàn-án ọjọ́ iṣẹ́, láìsí ibi tí wọ́n lè fi ọmọ sí.
- Gbígbàgbé oògùn. Lára ìgò oògùn, "once" ní Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ̀ẹ̀kan. Ní Sípáníìṣì, mọ́kànlá ni. Kí promotora kọ́ àwọn obìnrin láti ní kí ilé oògùn tẹ̀ ẹ́ ní Sípáníìṣì.
- Sísọ promotora di ògbufọ̀ ọ̀fẹ́, ìránṣẹ́ àti akọ̀wé kíláníìkì.
- Fífi í sílẹ̀ lóun nìkan lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Ọ̀rọ̀ tó ń gbọ́ wúwo. Ẹ máa pàdé wọn lọ́sẹ̀-ọ̀sẹ̀, kí wọ́n sọ ohun tó ń dùn wọ́n láìdárúkọ ẹnikẹ́ni.

## Bí owó tàbí àkókò kò bá tó

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ látorí òfo. CDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí dídènà àìsàn, ní ètò kan tó ń jẹ́ AMIGAS, tí àwọn promotora ń lò láti mú àwọn obìnrin lọ ṣe Pap. Wọ́n ti dán an wò láàárín àwọn obìnrin Mẹ́síkò ní El Paso, ní Houston, àti ní àfonífojì Yakima ní ìpínlẹ̀ Washington. Àwòrán, eré àti ìwé iṣẹ́ wà nínú rẹ̀ ní Sípáníìṣì. Àjọ MHP Salud ní Texas náà ní ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún ẹni tó fẹ́ dá irú ètò yìí sílẹ̀.

Bí ẹ ò bá lè gba promotora kankan lọ́dún yìí, ẹ kàn sí Ventanilla de Salud tó wà nínú ọ́fíìsì aṣojú ìjọba Mẹ́síkò ní ìlú yín. Àwọn obìnrin tó wá tún pásípọ́ọ̀tù ṣe ń gba ìmọ̀ràn ìlera níbẹ̀, ẹ sì lè mú ọjọ́ àyẹ̀wò kíláníìkì yín lọ bá wọn. Ètò orí WhatsApp náà ṣeé ṣe fún ìránnilétí, bí ẹ ò bá ti kọ orúkọ tàbí èsì ẹnikẹ́ni sínú ẹgbẹ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn wà. Tí ó bá sì jẹ́ pé promotora méjì péré ni owó yín ká, ẹ gba méjì, kí ẹ san owó wọn pé, kí ẹ fi àdúgbò kan ṣoṣo lé wọn lọ́wọ́.